Kíkọ́ Èdè Sípéènì ní Xela, Nílé Àwọn Tí Ogun àti Oko Ńlá Ti Fìyà Jẹ

Quetzaltenango ni ìlú kejì tó tóbi jù ní Guatemala, lórí òkè tó ga tó mítà 2,330. Xela ni àwọn ọmọ ìlú ń pè é, "x" yẹn sì ni "ṣ" tiwa: Ṣéla. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn àlejò ti ń lọ síbẹ̀ láti kọ́ èdè Sípéènì. Kò sí etíkun níbẹ̀. Ohun tó ń gbé wọn lọ ni pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀, owó iṣẹ́, ogun abẹ́lé àti ẹ̀tọ́ mẹ̀kúnnù ni àwọn olùkọ́ ibẹ̀ fi ń kọ́ gírámà. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá ní àǹfààní kan níbẹ̀ tí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan kò ní, a ó dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Ohun kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yé wa. Èdè Sípéènì kì í ṣe èdè ìbílẹ̀ Xela. Pedro de Alvarado, ọ̀gágun Sípéènì, àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ló fi idà gbé e wọ ibẹ̀ ní 1524. K'iche' àti Mam ni ọ̀pọ̀ ìdílé àgbègbè náà ń sọ látilẹ̀, èdè Máyà 22 ló sì wà ní Guatemala. Ìyá tó máa gbà yín sílé lè jẹ́ ẹni tó kọ́ èdè Sípéènì nílé-ìwé tàbí lọ́jà, bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí wọ́n bá ti nà rí nílé-ìwé torí pé ó sọ èdè ìyá rẹ̀ á tètè mọ ohun tó ń gbọ́ lẹ́nu wọn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó

Ilé-ìwé èdè pọ̀ ní Xela, púpọ̀ nínú wọn ló sì ń sọ pé mẹ̀kúnnù làwọn ń ṣiṣẹ́ fún. Ẹ kọ̀wé sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà. Ta ló ni ilé-ìwé: ṣé àwọn olùkọ́ ló jọ ni í bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, àbí ẹnì kan ló gbà wọ́n síṣẹ́? Nínú owó ọ̀sẹ̀ kan, èló ló ń dé ọwọ́ olùkọ́, èló ló ń dé ọwọ́ ìdílé tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ sílé? Kí ni olùkọ́ ń jẹ ní oṣù tí akẹ́kọ̀ọ́ kò wá? Àwọn tó ń wá sọ ìrírí wọn fún akẹ́kọ̀ọ́ lọ́sàn-án, ṣé wọ́n ń rí owó gbà fún àkókò wọn? Ilé-ìwé tó bá fi iye dáhùn, ẹ tẹ̀ síwájú pẹ̀lú rẹ̀. Èyí tó bá ń yí ọ̀rọ̀ po, ẹ wá òmíràn. Owó yín ni ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa gbé wọ ìlú náà, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ń gbà á.

Ilé-ìwé tí ọ̀pọ̀ mọ̀ nínú irú èyí ni Proyecto Lingüístico Quetzalteco, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988 nígbà tí ogun ṣì ń jà. Olùkọ́ kan sí akẹ́kọ̀ọ́ kan ni wọ́n ń ṣe, wákàtí 5 lójúmọ́, Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́ Ẹtì. Àwọn ilé-ìwé mìíràn ń ṣe wákàtí 4. Lábẹ́ ètò irú èyí, ìdílé kan á fún yín ní yàrá àti oúnjẹ mẹ́ta lójúmọ́. Ẹ béèrè nípa oúnjẹ Ọjọ́ Àìkú, nítorí kì í sábà sí nínú àdéhùn.

Ọ̀sẹ̀ 6 ni kí ẹ pinnu. Wákàtí 25 lọ́sẹ̀ kan, 150 lápapọ̀. Ẹni tó bá lo ọ̀sẹ̀ 2 á lè rajà, á lè wọkọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí àgbàlagbà kan bá jókòó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, kò ní gbọ́ ju ìdajì lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìwé, ara àti ọ̀nà

Ẹni tó bá ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà kó tó gbéra, kó sì wádìí físà àwọn orílẹ̀-èdè tí ọkọ̀ òfuurufú máa yà sí. Ìwé ìrìnnà Amẹ́ríkà tàbí ti Gẹ̀ẹ́sì ń fúnni ní ọjọ́ 90, ṣùgbọ́n ọjọ́ 90 náà ló wà fún Guatemala, El Salvador, Honduras àti Nicaragua lápapọ̀. Líla ẹnubodè kọjá sí Honduras kò sọ ọ́ di ọ̀tun. Ẹni tó ń bọ̀ láti Nàìjíríà tàbí Benin gbọ́dọ̀ mú káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njúpọ́njú dání, ó kéré tán kí abẹ́rẹ́ náà ti pé ọjọ́ 10 lára.

Láti pápákọ̀ òfuurufú La Aurora ní olú-ìlú, ọ̀nà Xela tó kìlómítà 200, wákàtí 4 sí 5 nínú bọ́ọ̀sì. Ojúmọmọ ni kí ẹ rìn ín. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ẹ sinmi, ẹ mu omi dáadáa, nítorí atẹ́gùn orí òkè fẹ́lẹ́, ó sì máa ń fún àlejò ní ẹ̀fọ́rí. Omi inú ìgò tàbí èyí tí wọ́n sè nìkan ni kí ẹ mu. Ẹ mú súwẹ́tà tó nípọn àti ìbọ̀sẹ̀: òru December àti January níbẹ̀ kì í ṣe ọyẹ́ tiwa, omi lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dì. Láti May dé October, òjò ń rọ̀ ní ọ̀sán, nítorí náà ẹ fi àárọ̀ rìn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹnu

Ẹ bẹ̀rẹ̀ èyí nílé, oṣù kan ṣáájú. Fáwẹ́lì márùn-ún ni wọ́n ní: a, e, i, o, u. "E" wọn wà láàrin "e" àti "ẹ" wa, "o" wọn sì wà láàrin "o" àti "ọ", ibi yòówù tí ahọ́n bá bọ́ sí, wọ́n á gbọ́. "V" àti "b" ìró kan náà ni, nítorí náà "vivir" ni "bibir". "Z" ń dún bí "s". Ìró méjì tí a kò ní, wọn kò béèrè wọn lọ́wọ́ wa.

Ibi tí a ti ń ṣubú ni ìparí ọ̀rọ̀. Sílébù Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí, torí náà ahọ́n wa máa ń fi fáwẹ́lì tì í lẹ́yìn. Nínú èdè yìí, ìyẹn ń yí ìtumọ̀ padà: "hablar" ni láti sọ̀rọ̀, "hablara" sì ni "ká ní ó sọ̀rọ̀". Ẹ kọ ọ̀rọ̀ 20 sílẹ̀, bíi verdad, mujer, ciudad, papel, comer, hablar. Ẹ gbé ọwọ́ sábẹ́ àgbọ̀n, kí ẹ pe ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà 10. Bí àgbọ̀n bá tún bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn kọ́ńsónáǹtì tó gbẹ̀yìn, ẹ ti fi fáwẹ́lì kún un nìyẹn. Ohun kan náà ni ti "tr" àti "br": "trabajo" kì í ṣe "tirabaho".

"P" wa, ètè àti ọ̀nà ọ̀fun ló jọ ń pè é. Tiwọn, ètè nìkan ni. "Ch" gba kí "t" ṣíwájú "ṣ". "R" wa bá "pero" (ṣùgbọ́n) mu, ṣùgbọ́n "perro" (ajá) gba kí ahọ́n gbọ̀n. Ní ti ibi tí ohùn ti ń tẹ̀, etí tó mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀ kò ní ṣòro láti mọ̀ pé "hablo" ni "mo ń sọ̀rọ̀", "habló" sì ni "ó sọ̀rọ̀". Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ènìyàn gbé ohùn sókè lórí gbogbo sílébù. Ọ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ tẹ̀, kí ẹ sì fà á díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ jẹ́ kí Yorùbá ṣiṣẹ́

Àwọn ìwé tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ máa ń sọ pé ohun tó le jù nínú èdè Sípéènì ni subjuntivo, ìyẹn ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe fún ohun tí a fẹ́, tí a ń retí, tí kò tíì ṣẹlẹ̀. Ọmọ Yorùbá ti ń ṣe é látìgbà èwe. Mo mọ̀ pé o ń bọ̀: "sé que vienes". Mo fẹ́ kí o wá: "quiero que vengas". Níbi tí ẹnu yín bá ti fẹ́ sọ "kí", ìrísí subjuntivo ni, níbi tó bá ti fẹ́ sọ "pé", òmíràn ni. "Bá" náà ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó dé: "cuando llegó". Nígbà tí ó bá dé: "cuando llegue". Ibi kan tí èyí ti ń já ni "n kò rò pé": "no creo que" gba subjuntivo bó tilẹ̀ jẹ́ pé "pé" ni a sọ. Ẹ kọ́ ìyẹn sórí lọ́tọ̀.

"Ser" àti "estar" sún mọ́ "jẹ́" àti "wà": es maestro, olùkọ́ ni, está en casa, ó wà nílé. Ṣùgbọ́n òkú, "estar" ni wọ́n fi ń sọ ọ́: está muerto.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ ìtàn àwọn ènìyàn yìí ni "wọ́n". Bí a bá ní "wọ́n pa á", a lè má dárúkọ apànìyàn, yálà a kò mọ̀ ọ́n tàbí a ń bẹ̀rù láti pè é. Bákan náà ni wọ́n ń ṣe: "lo mataron". Wọ́n ní èyí tó tún wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, "lo desaparecieron": wọ́n mú kí ó pòórá. "Desaparecer" tẹ́lẹ̀ ni kí nǹkan pòórá fúnra rẹ̀. Ìwà ìjọba ológun ló sọ ọ́ di ohun tí ẹnì kan ń ṣe sí ẹlòmíràn. Ẹ ṣọ́ra, "á" tiwa ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe, "lo" tiwọn ń ṣáájú rẹ̀. Àti pé "ó" wa kò mọ akọ yàtọ̀ sí abo, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mú ènìyàn lọ, ọkùnrin ni "se lo llevaron", obìnrin ni "se la llevaron". Ìyá tó ń sọ nípa ọmọbìnrin rẹ̀ tí wọ́n mú lọ kò yẹ kó tún máa tún èyí ṣe lẹ́nu yín. Ọ̀sẹ̀ kìíní ni kí ẹ ti fi ọjọ́ kan gbáko ṣe ìdánrawò rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìgbà àtijọ́ méjì. "Vivíamos en la finca, mi papá cortaba café": a máa ń gbé lórí oko ńlá, bàbá mi a máa já kọfí. "Un día llegó el ejército": lọ́jọ́ kan, àwọn ọmọ ogun dé. Níbi tí "máa ń" bá bá a mu, "-ía" àti "-aba" ni, níbi tí nǹkan bá ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, òmíràn ni. Gbogbo ẹ̀rí tí ẹ máa gbọ́ ní Xela ni wọ́n kọ́ lé ìyípadà kan yìí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: nínú ilé

"Usted" ni "ẹ" wa, òun ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ènìyàn, àti ọmọdé pàápàá. "Vos" ni "ìwọ" láàrin ọ̀rẹ́, ẹ dúró kí wọ́n kọ́kọ́ fi pè yín. Wọn kì í pe àgbàlagbà ní orúkọ lásán: don ni fún ọkùnrin, doña fún obìnrin, seño fún olùkọ́ obìnrin.

Ìkíni wọn kò ní ṣàjèjì sí wa. Ẹ kí gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá. Ẹ bá ẹni tó ń jẹun, "buen provecho". Bí ẹ bá jẹun tán, ẹ sọ "muchas gracias" fún gbogbo orí tábìlì, wọ́n á dáhùn "buen provecho", ìgbà yẹn ni ẹ lè dìde. Ẹni tó bá dìde láìsọ̀rọ̀ dà bí ẹni tó jẹun tán tí kò kí ìyá rẹ̀ pé ẹ ṣé. Ní ìgbèríko, "adiós" ni wọ́n fi ń kí ẹni tí wọ́n pàdé lọ́nà, kò túmọ̀ sí pé wọ́n fẹ́ kí ẹ máa lọ. Bí ẹnì kan bá sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú "fíjese que", ẹ múra: ohun tí ẹ béèrè kò ní sí.

Omi kì í sábà yọ déédéé. Nínú "pila", ìkùdù símẹ́ńtì tí wọ́n ń fọ nǹkan sí, apá àárín ni wọ́n ń tọ́jú omi sí. Ike ni kí ẹ fi bù ú, ẹ má ṣe ti ọwọ́ tàbí abọ́ tó dọ̀tí bọ̀ ọ́. Tákàdá ìnùdí, inú garawa ló ń lọ, nítorí páìpù ibẹ̀ tóóró. Bí ẹ̀rọ iná bá wà lórí sáwà, ẹ má fọwọ́ kàn án nígbà tí omi ń sọ̀.

Ẹ má béèrè nípa ogun ní alẹ́ àkọ́kọ́. "¿Usted es de aquí?" (ṣé ọmọ ibí ni yín?) tó. Ẹni tó bá fẹ́ sọ, á sọ fúnra rẹ̀, ó lè jẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, nídìí ààrò.

Wọ́n á béèrè nípa àwọ̀ yín. Àwọn aláwọ̀ dúdú ọmọ Guatemala, Garífuna, etíkun Caribbean ni wọ́n pọ̀ sí, bíi Livingston, November 26 sì ni ọjọ́ wọn. Ní Xela, àwọn ènìyàn lè wò yín gan-an, wọ́n lè pè yín ní "negro" tàbí "moreno". Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ ṣàlàyé ìgbà tó jẹ́ ìfẹ́ àti ìgbà tó jẹ́ ìwọ̀sí. Bákan náà, "indio" èébú ni lẹ́nu àlejò. "Indígena", "maya", tàbí orúkọ ẹ̀yà ni kí ẹ lò. Ẹ kọ́ "maltyox", ẹ ṣé ni K'iche'.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bí ọjọ́ àti ọ̀sẹ̀ ṣe ń lọ

Ẹ bá olùkọ́ pín wákàtí 5. Wákàtí kìíní, ẹ ròyìn àná fún un. Ìkejì, gírámà. Lẹ́yìn "refacción", ìyẹn ìpápánu, ẹ jọ ka ìròyìn ọjọ́ náà fún wákàtí kan, kí ẹ jáde lọ sọ́jà tàbí sí itẹ́ òkú fún wákàtí kan, kí ẹ fi ti ìkẹyìn tún àṣìṣe ṣe. Nínú ìwé àkọsílẹ̀, ẹ fa ìlà mẹ́ta: ohun tí mo gbọ́, ohun tí mo rò pé ó jẹ́, ohun tí olùkọ́ ní ó jẹ́. Ìlà kejì ni olùkọ́ máa fi mọ ibi tí etí yín ti ń tàn yín. Ọ̀rọ̀ tuntun 20 lójúmọ́ ti tó.

Lára àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn, ẹ má jẹ́ kí èyí pẹ́: finca (oko ńlá), mozo colono (òṣìṣẹ́ tó ń gbé lórí ilẹ̀ olóko), jornal (owó òòjọ́), escritura (ìwé ilẹ̀), desalojo (lílé ènìyàn kúrò lórí ilẹ̀), viuda (opó), testigo (ẹlẹ́rìí), fosa (kòtò òkú), sindicato (ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́), remesa (owó tí ọmọ tó wà l'Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́ sílé).

Ìtàn tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ẹ tó jókòó gbọ́ ẹnikẹ́ni rèé. Ní 1952, ìjọba Jacobo Árbenz ṣe Òfin 900, ó ń pín ilẹ̀ tí àwọn olóko ńlá kò dá fún àgbẹ̀. United Fruit, ilé-iṣẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tí wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ní 1954, CIA, àjọ amí Amẹ́ríkà, ṣe àtìlẹ́yìn fún àwọn tó lé Árbenz kúrò lórí oyè. Ogun bẹ́ ní 1960, kò parí títí wọ́n fi fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní December 29, 1996. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí àdéhùn àlàáfíà náà bí sọ ní 1999 pé ó lé ní 200,000 ènìyàn tó kú tàbí tó pòórá, pé nínú àwọn tí wọ́n mọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́, ìdá 83 nínú 100 jẹ́ Máyà, àti pé ọwọ́ ìjọba àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ wà nínú ìdá 93. Bíṣọ́ọ̀bù Juan Gerardi gbé ìròyìn ìwádìí ti ìjọ Kátólíìkì, Nunca Más, jáde ní April 24, 1998. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n pa á. Ní May 10, 2013, ilé-ẹjọ́ dá Efraín Ríos Montt, ọ̀gágun tó ti ṣe olórí ìjọba ológun, lẹ́bi ìpẹ̀yàrun, ẹ̀wọ̀n ọdún 80, ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ tó ń rí sí ìwé òfin fagi lé e ní ọjọ́ 10 lẹ́yìn náà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ ka ojú ewé méjì péré lójúmọ́ nínú ẹ̀rí tó wà nínú Nunca Más pẹ̀lú olùkọ́. Ẹ má kà á lálẹ́ ní ẹ̀yin nìkan.

Kì í ṣe ìtàn tó ti kọjá nìkan. Totonicapán kò jìnnà sí Xela, ibẹ̀ sì ni 48 Cantones, ìjọba àwọn ará ìlú K'iche', wà. Àwọn ló ṣíwájú dídí àwọn òpópónà ní October 2023 láti dáàbò bo ìbò tó gbé Bernardo Arévalo wọlé sípò ààrẹ. Ẹ bi olùkọ́ bí wọ́n ṣe ń yan olórí níbẹ̀, kí ẹ sì fi ṣàlàyé bí baálẹ̀ ṣe ń jẹ níbi tiyín. Ọjọ́ méjì lẹ máa fi sọ ọ́, kò ní tán.

Ọ̀sẹ̀ kan ní Escuela de la Montaña

Proyecto Lingüístico Quetzalteco ní ẹ̀ka kan tó ń jẹ́ Escuela de la Montaña (ilé-ìwé orí òkè) ní àdúgbò Colomba, níbi tí oko kọfí wà. Akẹ́kọ̀ọ́ ń sùn ní ilé-ìwé, ṣùgbọ́n nílé àwọn ará Fátima àti Nuevo San José ló ń jẹun. Ìdílé àwọn òṣìṣẹ́ oko ni wọ́n, tí wọ́n jà kí wọ́n tó ní ilẹ̀ tí wọ́n kọ́lé sí. Ẹ má lọ kí ọ̀sẹ̀ kẹrin tó pé, nítorí orí tábìlì ni ẹ̀kọ́ gidi wà, ẹni tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ á sì jẹun ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ìbéèrè tó dára níbẹ̀ ni ti owó: quintal kan jẹ́ pọ́n-ùn 100, èló ni wọ́n ń san fún jíjá a, ọjọ́ mélòó ni ẹnì kan fi ń já a, èló ni iyọ̀, èló ni oògùn? Ẹ ṣírò rẹ̀ níwájú wọn bí wọ́n bá gbà, kí wọ́n tọ́ yín sọ́nà níbi tí ẹ bá ṣì í.

Ohun tó ń bà á jẹ́

Àkọ́kọ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ yín. Bí ẹ bá ń jẹ oúnjẹ alẹ́ pẹ̀lú àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wákàtí 5 àárọ̀ á dà nù. WhatsApp pẹ̀lú àwọn ará ilé yín, ẹ fi ààbọ̀ wákàtí kan lálẹ́ mọ.

Ẹ má ya fọ́tò ọmọ ẹlòmíràn rárá láìgba àyè lọ́wọ́ òbí. Ẹ̀rù ajọ́mọgbé pọ̀ ní ìgbèríko Guatemala, fọ́tò kan lè pe èrò lé ènìyàn lórí. Òfin ibẹ̀ kò gba àlejò láyè nínú ìṣèlú, nítorí náà ẹ má wọ inú ìwọ́de, wọ́n lè lé yín padà, ìyà rẹ̀ á sì jẹ ilé-ìwé náà pẹ̀lú.

Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú àwọn ọmọ kékeré, ẹ fi í sílẹ̀. Wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ orúkọ yín nígbà tí ẹ bá ń lọ. Bí ẹ bá fẹ́ ran wọn lọ́wọ́, ẹ ra aṣọ lọ́wọ́ obìnrin tó hun ún láì bá a dúnàádúrà, nítorí ó lè fi oṣù hun huipil kan, ìyẹn ẹ̀wù àwọn obìnrin Máyà. Owó lásán tí ẹ bá tì bọ ọwọ́ ìyá ilé ní kọ̀rọ̀ máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàrin àwọn ìdílé tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ bi ilé-ìwé bóyá àpò àpapọ̀ wà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, ẹ gba àdéhùn pẹ̀lú olùkọ́ yín fún wákàtí kan lọ́sẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní iye tí òun fúnra rẹ̀ bá dá, kí ẹ san ti oṣù àkọ́kọ́ kí ẹ tó kúrò ní Xela.